Bàbá Cole, Èèyàn Dà? Lẹ́tà Láti Mamu

Sí Ọ̀gbẹ́ni Thomas Cole, ayàwòrán, ará Catskill ní Ìpínlẹ̀ New York, tó ti di ará ọ̀run láti ọdún 1848.

Bàbá Cole,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkíni yìí gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ di wàhálà sí mi lọ́rùn. Ọdún 1801 ni wọ́n bí yín ní Bolton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá bàbá mi ò tíì dáyé nígbà náà, nítorí náà ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àmọ́ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta péré lẹ lò láyé, èmi sì ti lò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní Ìjẹ̀bú tiwa, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, la fi ń mọ ẹni tó yẹ ká máa sọ "ẹ" fún, tiyín ì bá sì ti bọ́ sí ọ̀wọ́ àwọn àbúrò mi. Mo rò ó lọ́tùn-ún, mo rò ó lósì, mo ní kí n máa bá "ẹ" lọ. Ẹni tó bá ti di ará ọ̀run ti ṣe ẹ̀gbọ́n fún gbogbo wa.

Ẹ má bi mí pé kí ló kan ará Mamu nínú àwòrán òyìnbó. Èèyàn dúdú kan tó ń jẹ́ Robert Duncanson, tó gbé ayé láti 1821 sí 1872, rí Ọgbà Édẹ́nì tí ẹ yà, ó fara wé e, ó ya tirẹ̀ ní 1852, nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ ní Amẹ́ríkà. Bí ọ̀rọ̀ igi àti odò yín bá kan òun, ó kan èmi náà. Mo ti wo àwọn àwòrán yín dáadáa. Igi tí àrá sán pa, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí, tí ẹ máa ń gbé sí igun iwájú kí gbogbo ẹni tó bá wò ó lè rántí pé òun náà á kú, irú rẹ̀ wà lọ́nà oko wa. Ẹ mọ igi. Ẹ mọ ìkúukùu. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ẹjọ́ tí mo ní sí yín kò ju ẹyọ kan lọ: èèyàn dà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tó ń já láti orí àpáta ní Kaaterskill, èyí tí ẹ yà ní 1826. Nígbà tí ẹ fi débẹ̀, kì í ṣe ẹgàn mọ́. Wọ́n ti ṣí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan sórí òkè nítòsí ibẹ̀ ní 1824, àwọn olówó New York ti ń wá gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti figi ṣe ibi tí àwọn olùwòran máa fara tì, kí wọ́n má bàa já sí ọ̀gbun. Gbogbo rẹ̀ lẹ rí. Gbogbo rẹ̀ náà lẹ nù kúrò. Ẹyọ ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, lẹ wá gbé sórí àpáta láàárín, ó rí bíńtín, bí ẹni pé òun ló kù nínú gbogbo ìran rẹ̀. Bàbá Cole! Láti ìgbà wo ni ọmọ onílẹ̀ ti ń dá wá? Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ẹ bá rí ọ̀kan lórí ilẹ̀, mẹ́wàá ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ti mú ìwé rìsíìtì dání.

Ní 1836 ẹ tún gun òkè Holyoke ní Massachusetts, ẹ ya ibi tí odò Connecticut ti tẹ̀ kọrọdọ. Ìjì àti igi tó dá wà lápá òsì, oko tí wọ́n ti ro tónítóní wà lápá ọ̀tún, oòrùn sì ń ràn sí i. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ láàárín àpáta, fìlà lórí, ẹ bojú wẹ̀yìn wò wá. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní rí yín. Agboòrùn yín hàn jù yín lọ. Ká sòótọ́, mo fẹ́ràn agboòrùn yẹn ju ìjì náà lọ, torí òun nìkan ló jẹ́rìí sí i pé ẹnì kan gbé oúnjẹ ọ̀sán dání wá sórí òkè yẹn, ó sì ń bẹ̀rù òjò.

Bí ẹ bá gbé agboòrùn náà wá sí ọ̀dọ̀ wa, ibi tí ẹ máa dúró sí tí ẹ ò ní rí èèyàn ló máa ṣòro. Láti Mamu lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn, ká yà sí Àgọ́-Ìwòyè tí yunifásítì ti sọ di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ láti 1982, ká já sí Ìjẹ̀bú-Igbó, igbó wà, àmọ́ igbó tó ní olówó ni. Èyí tó dúdú lókèèrè yẹn, kòkó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Obì ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbìn ín ti kú, ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ ṣẹjọ́ lé e lórí. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò ní sọ fún yín pé òkè kan báyìí wà níwájú. Á ní kí ẹ rìn títí ẹ ó fi dé oko bàbá lágbájá, kí ẹ yà lẹ́bàá igi ọsàn ìyá lámọrín, pé bí ẹ bá ti kọjá abà tó wà níbẹ̀, ẹ ti dé. Ìdajì nínú àwọn tó dárúkọ ló ti kú tipẹ́. Àwọn náà ló ṣì ń júwe ọ̀nà fún aráyé.

Kódà nínú ìwé ìtàn wa, igbó kì í ṣófo. Fágúnwà kó àwọn ọdẹ wọ igbó nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1938, kò sí ìdí igi kan tí wọn ò bá ẹni tó ń gbébẹ̀ pàdé. Bí kò bá ti sí èèyàn, iwin á wà. Ẹ tún wá wo Àìná Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, tó fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo búrọ́ọ̀ṣì bíi tiyín kó tó lọ sí London ní 1920 láti lọ gbàwé lé e. Ẹgàn gidi ló wà ní Ìjẹ̀bú nígbà tó ń dàgbà, irú èyí tí ẹ̀yin ì bá ti tìtorí rẹ̀ sunkún. Kí ni ọmọkùnrin yìí fi gba orúkọ? Ojú èèyàn. Ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ó ya Dókítà Sàpará ní 1920, ó ya àwọn ọ̀tọ̀kùlú Èkó lọ bẹẹrẹ. Igi ò san owó iṣẹ́, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, bí àwòrán bá máa dá ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀, ojú ẹni tó kú ló máa wà níbẹ̀. Ẹ wọ pálọ̀ èyíkéyìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Òkè-Ṣọ̀pin tàbí ní Atikori, ẹ ó rí kàlẹ́ńdà òkú lára ògiri: bàbá pẹ̀lú fìlà, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó kú, orúkọ àwọn ọmọ, ti àwọn ìyàwó ilé, ti àwọn àna. Ọdún tó wà lórí kàlẹ́ńdà náà ti kọjá lọ tipẹ́, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Nínú ilé míì, bàbá fúnra rẹ̀ ló sùn sábẹ́ sìmẹ́ńtì pálọ̀ tí ẹ jókòó sí.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ìrìn-Àjò Ayé, àwòrán mẹ́rin tí ẹ kọ́kọ́ parí ní 1840. (Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń yọjú sí lẹ́tà tí kì í ṣe tiyín, bó ṣe lọ rèé. Odò kan, ọkọ̀ kan, ẹnì kan. Nínú èkíní, ọmọ ọwọ́ ń ti inú ihò àpáta jáde nínú ọkọ̀ tó kún fún òdòdó, áńgẹ́lì dúró tì í. Nínú èkejì, ó ti di ọ̀dọ́, ó ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ áńgẹ́lì, ó ń nawọ́ sí ààfin kan tó léfòó lójú sánmà. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti di géńdé, omi ń ru, òkúta ń dúró dè é níwájú, ohun tó fi ń darí ọkọ̀ ti ṣẹ́, àdúrà ló kù tó ń gbà. Nínú ẹ̀kẹrin, arúgbó ni, odò ti wọ òkun, kò sí koríko, kò sí igi, ọkọ̀ ti já kù, áńgẹ́lì sì ń fi ìmọ́lẹ̀ kan hàn án lókè.)

Àwòrán náà dára. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì dé ara ògiri ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà òkú ṣe wà lára tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìyá ọmọ yẹn dà? Ta ló gbẹ̀bí rẹ̀? Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Ọmọ jòjòló dá wà nínú ọkọ̀, ẹ sì kó òdòdó yí i ká pé ara rẹ̀ ń yá! Ní Mamu, kí ẹ tó po ọ̀dà tán, àwọn ìyá abiyamọ á ti bẹ́ sódò, ọ̀kan á ti gbé e pọ̀n, ọ̀kan á sì ti máa bú yín. Nígbà tó dọ̀dọ́ tó ń sáré tẹ̀ lé ilé ojú sánmà, kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan ṣoṣo tó lè bi í pé ta ni káfíńtà tó kọ́ ọ. Nígbà tí omi ń ru, ẹgbẹ́ rẹ̀ dà, àna rẹ̀ dà, àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú dà? Arúgbó wá dé etí òkun láìlọ́mọ, láìlọ́mọọmọ. Ta ló máa pín aṣọ ẹbí? Ta ló máa pa màlúù? Ṣé áńgẹ́lì yẹn lè rí ìrẹsì gbé kaná fún ẹgbẹ̀ta àlejò?

Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Mo rò pé òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ nù kúrò ní Kaaterskill àti ìyá tí kò sí nínú ọkọ̀, ọ̀ràn kan náà ni. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ lé gbogbo èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ kó tó yà á, dandan ni kó dá kú. Òkè ńlá á wà lọ́hùn-ún, òun náà á dúró níhìn-ín, òun àti Ọlọ́run nìkan, kò sí aládùúgbò láàárín, ikú á wá di ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, á tóbi, á gba gbogbo ojú ọ̀run. Níbi tí ilẹ̀ bá ti kún fún orúkọ, ikú kò kéré o, a ń sunkún, a ń jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Àmọ́ kò rí àyè dúró bẹ́ẹ̀ yẹn kó máa wò wá. Èrò pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ jẹ́jẹ́. Luman Reed, oníṣòwò kan ní New York, ló ní kí ẹ ya àwòrán márùn-ún nípa bí ilẹ̀ ọba kan ṣe dìde tó sì ṣubú. Ní 1836, ẹ ò tíì parí rẹ̀, Reed kú. Samuel Ward, ọ̀gá báǹkì, ló ní kí ẹ ya Ìrìn-Àjò Ayé. Ní 1839, ẹ ò tíì parí rẹ̀, Ward kú. Àwọn ajogún rẹ̀ ò sì jẹ́ kí ẹ gbé e síta fún aráyé wò, lẹ bá tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà ní Róòmù, èyí tí ẹ parí ní 1842. (Ogún! Kò síbi tí kò sí.) Ìgbà tó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lórí Àgbélébùú àti Ayé. Ẹ ò tíì parí rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lọ. Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń kà á ni.

Àwòrán márùn-ún ti Reed yẹn náà ní ibi tó ti kàn wá. Òkè kan náà wà nínú márààrún, bí ilẹ̀ ọba ṣe ń yí padà nísàlẹ̀ rẹ̀: ìgbà àwọn ọdẹ, ìgbà àwọn àgbẹ̀, ìgbà tí ìlú dán gbinrin, ìgbà tí ogun kó o, ìgbà tó dahoro, tí ẹyẹ wá kọ́ ìtẹ́ sórí òpó tó kù. Lọ́dún 1836 tí Reed kú, ẹ kọ àròkọ kan tí ẹ fi ń gbèjà ilẹ̀ yín lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé kò ní àlàpà, kò ní ìtàn. Kí ẹ má ti mọ Ìjẹ̀bú! Odi àti iyàrà Sùngbọ́ Erédò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi, ó tó mítà 20 níbòmíì. Èèyàn ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Igbó ti bò ó pátápátá. Bí ẹ bá dúró lókè rẹ̀, ẹ máa rò pé ẹgàn tí ẹsẹ̀ èèyàn ò tẹ̀ rí lẹ rí, ẹ ó sì máa tọ́jú búrọ́ọ̀ṣì, láìmọ̀ pé orí iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ gbé àga kalẹ̀ sí.

Tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Iwopin, létí ọ̀sà ní Ogun Waterside. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe bébà níbẹ̀. Wọ́n gé ẹgàn nínú igbó ọba Omo, níbi tí wọ́n ń pè ní J4, wọ́n gbin gmelina, igi tó ti Éṣíà wá, lọ rẹrẹẹrẹ, pé òun ni wọ́n á máa lọ̀ di bébà. Igi hù. Bébà ò jáde bí wọ́n ṣe lérò. Àwòrán kẹta yín ni wọ́n ń múra fún, àfi bí wọ́n ṣe fò lọ sínú ìkarùn-ún.

Níbi igbó ọba yìí lẹ ti mú mi. Ní 1836 kan náà tí ọwọ́ yín dí yẹn, wọ́n ń gé igi ní àfonífojì Catskill nítorí ojú irin, ẹ bá kọ lẹ́tà sí Reed, ẹ fi ìbínú sọ àwọn agégi náà ní orúkọ tí kò dára. (Àwọn tó ń ra àwòrán lọ́wọ́ yín, àwọn oníṣòwò àti ọ̀gá báǹkì, irú owó wọn ló ń kọ́ ojú irin, àmọ́ ìyẹn ò kan ẹjọ́ tòní.) Níbí, ìjọba òyìnbó fa ìlà yí igbó ọba Omo ká ní 1925, ó lé ní 1,300 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 1946 wọ́n tún ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní 1977 UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Ohun tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ni wọ́n fi òfin ṣe: wọ́n ní kí èèyàn yàgò. Èèyàn ò yàgò. Abà wà nínú rẹ̀, Etemi, Ajébándélé, Abẹkú, kòkó sì ń tẹ̀ síwájú lọ́dọọdún. Erin igbó ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ń wá ibi tó máa gbà kọjá láàárín wa. Àwa tí mo ń fi yangàn pé a kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófo, a ti kún un débi pé ẹranko ò rí ilé gbé.

Agbégilódò ń kọjá lálẹ́ ní tiwọn. Àfàrà, ọ̀gànwó, ìrókò, igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, gbogbo rẹ̀ di pákó ní sọ́ọ̀mìlì. Ẹni tó ń gé e kì í ṣe ìkà. Owó ilé ìwé ọmọ ló ń wá, mo sì fura pé òun náà ni àwọn tí ẹ bú ní Catskill ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àgbẹ̀ tó júwe ọ̀nà fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ara igi ló fi orúkọ kọ́. Bí wọ́n bá gé igi ọsàn ìyá lámọrín, ìyá lámọrín ti kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kò sì sí kàlẹ́ńdà tó máa gbé ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí jáde. Ẹ̀yin ń sunkún igi, ẹ gbàgbé èèyàn. Àwa ń rántí èèyàn, a ń ta igi tí wọ́n ń gbé.

Ẹni tó rí i ṣáájú èmi àti ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ yín, Asher Durand. Ní 1849, nígbà tí ẹ ti wà nínú ilẹ̀, ó ya àwòrán ìrántí yín. Catskill náà ni, àpáta náà ni, omi náà ni. Àmọ́ kò jẹ́ kí ẹ dá dúró. Ó fi Bryant akéwì tì yín, ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ létí ọ̀gbun. Ó tún wá gbẹ́ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sára igi kan lápá òsì. Bryant ni wọ́n fi ta lọ́rẹ nígbà náà. Ní 2005 wọ́n tà á, wọ́n ní owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 35 dọ́là. Ẹ wo ohun tí orúkọ ara igi ń pa wọlé.

Nítorí náà, mo níṣẹ́ fún yín. Ẹ bá mi ya ojú ọ̀nà Mamu láàárọ̀ kùtù. Kí agbégilódò wà níbẹ̀, kí ẹ má nù ún kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan. Ìyá tó ń sá kòkó sí etí títì, tó ń pariwo mọ́ ewúrẹ́. Gbogbo ọmọ onílẹ̀, láìku ẹnì kan. Ẹ lè fi igi tí àrá sán pa síbẹ̀ bí ẹ ò bá lè ṣe láìní in, àmọ́ mo máa fún yín ní orúkọ tí ẹ máa gbẹ́ sára rẹ̀, wọ́n pọ̀ díẹ̀. Agboòrùn yín náà lè wà ní igun kan. Ní ti owó, obì gbànja agbọ̀n méjì ni mo ní nílẹ̀. Kò sí àsansílẹ̀. Mo ti kà nípa àwọn tó bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe parí fún wọn. Ẹ yà á tán, ẹ gbé e dé Mamu, ká jọ jókòó wò ó, kí n tó kó obì jáde. Bí iye yẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká ná an.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan, ní Mamu.